Ìdánwò Olúwa Wa ní Aginjù



Ní Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní nínú Ààwẹ̀ Ogójì, ìtàn kan náà ni Ìjọ Mímọ́ máa ń gbé ka iwájú wa: bí Èṣù ṣe dán Olúwa wa Jésù Kristi wò ní aginjù. Kí wọ́n tó tún ètò ìwé kíkà Mísà ṣe ní ọdún 1969, ti Mátíù nìkan ni a ń gbọ́ lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà wá, a pín in: Mátíù ní ọdún A, Máàkù ní ọdún B, Lúùkù ní ọdún C. Ti Mátíù ni mo mú fún ẹ̀kọ́ yìí, orí kẹrin, ẹsẹ 1 sí 11. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá délé, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ibẹ̀ kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí, nítorí èmi kò ní tún gbogbo ìtàn náà sọ. Àwọn ibi tí mo rò pé a máa ń yára kọjá ni mo fẹ́ kí a dúró sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè ṣì wá lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni aginjù. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ aginjù, igbó kìjikìji ni ọkàn rẹ̀ ń sáré lọ, ibi tí igi ti bo ojú ọ̀run, tí àwọn ọdẹ nìkan ń dé. Aginjù Jùdíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, láàrín Jerúsálẹ́mù àti Òkun Òkú, àpáta lórí àpáta, àfonífojì tí kò ní omi. Ẹ rántí bí oko wa ṣe máa ń rí ní oṣù Èrèlé, nígbà tí iná ti jó pápá tán láti Ọ̀mù-Àrán dé Èsìẹ́, tí ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀ títí ó fi sán. Ẹ wá hú igi ẹ̀mí àti igi igbá kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí ó ku òkúta àti oòrùn. Nígbà náà ni ẹ ó tó súnmọ́ ohun tí Olúwa wa ń wò. Lókè ìlú Jẹ́ríkò, òkè kan wà tí àwọn Kristẹni ti fi orúkọ ogójì ọjọ́ náà pè láti ayé àtijọ́, ilé àwọn mọ́ńkì Gíríìkì kan sì lẹ̀ mọ́ ara àpáta rẹ̀ títí di òní. Òkúta ilẹ̀ náà a máa rí roboto, ní àwọ̀ ilẹ̀, bí ìṣù búrẹ́dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú ààrò. Ojú tí ebi ogójì ọjọ́ ń pa ni ó ń wo irú òkúta bẹ́ẹ̀.

(Àkàrà ni Bíbélì wa pe oúnjẹ náà. Ọmọ kan nínú kíláàsì kátíkísìmù bi mí ní ọjọ́ kan bóyá elépo ni. Nítorí náà, búrẹ́dì ni n óò máa pè é níhìn-ín.)

Àwa ará Ìgbómìnà ní ìtàn òkúta tiwa. Kò sí ẹni tí kò mọ ère Èsìẹ́ nínú wa, àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé àti ẹranko, tí ìròyìn wọn kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ní ọdún 1933, tí ìjọba sì kọ́ ilé fún ní ọdún 1945. Ilé náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ohun tí àwọn bàbá wa sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò ni wọ́n, kí wọ́n tó di òkúta. Ènìyàn tí ó di òkúta ni ìtàn tiwa. Òkúta tí yóò di búrẹ́dì ni ìbéèrè Èṣù. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀nà tí ó yá jù lọ láti sọ ọkàn ènìyàn di òkúta ni kí ó máa wo gbogbo ohun tí ó bá rí bí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a dúró sí ni ìdánwò fúnra rẹ̀. Èdè wa kò pín in sí méjì. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò ni. Ohun tí Èṣù ń ṣe fún ọkàn, ìdánwò ni. Bí òfò bá ṣẹ ẹnìkan, a ó tún ní ìdánwò dé bá a. Ẹ má ṣe rò pé àbùkù èdè Yorùbá ni. Èdè Gíríìkì tí a fi kọ ìwé Mátíù rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, peirasmos, ni wọ́n ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ọkàn ẹni tí ń dán ni wò ni ìyàtọ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ a máa fi iná dán irin wò kí ó lè mọ̀ bí ó bá tó ohun tí a fi ń rọ ọkọ́. Olè a máa dán ilẹ̀kùn wò kí ó lè mọ̀ bí wọn kò bá tì í. Ìdí nìyí tí Mátíù fi lè sọ ohun méjì nínú ẹsẹ kan ṣoṣo láìṣe àṣìsọ: Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó darí Jésù lọ sí aginjù, Èṣù ni ó sì dán an wò níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àti olè pàdé níwájú ilé kan náà, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àdúrà tí a ń gbà lójoojúmọ́, níbi tí a ti ń bẹ Baba wa ọ̀run pé kí Ó má fà wá sínú ìdánwò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé, "Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run náà a máa fani lọ síbi tí ènìyàn ti lè dẹ́ṣẹ̀ ni?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 2017, àwọn ará wa ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, bẹ̀rẹ̀ sí lo ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀bẹ̀ yìí ní èdè Faransé. Ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì ń sọ báyìí pé kí Baba má jẹ́ kí a wọ inú ìdánwò. Póòpù Francis tí ó di olóògbé ní ọdún 2025 sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú oṣù Kejìlá kan náà, ó ní baba kì í ti ọmọ rẹ̀ ṣubú, gbígbé ni baba ń gbé e dìde. Ìwé Mísà tuntun ti ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 2020, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kátíkísìmù Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1992 ti ṣàlàyé rẹ̀ ṣáájú, ní ìpínrọ̀ 2846: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ju ẹyọ kan lọ, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má gbà wá láyè láti wọ inú ìdánwò, kí Ó má sì jẹ́ kí a juwọ́ sílẹ̀ fún un. Èmi kò sọ pé kí ẹ yí àdúrà yín padà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè. Jákọ́bù Mímọ́ sọ ọ́ gbangba ní orí kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ pé ibi kò lè dán Ọlọ́run wò, Òun pẹ̀lú kì í sì í fi ibi dán ẹnikẹ́ni wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ tí Èṣù kọ́kọ́ mú bọ ẹnu. Ní òpin orí kẹta, Jésù ṣe ìrìbọmi ní odò Jọ́dánì, ohùn kan láti ọ̀run sì jẹ́rìí sí i pé Ọmọ àyànfẹ́ ni. Ẹsẹ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ọ̀tá dé, ohun tí ó sì kọ́kọ́ gbé sórí àtẹ ni ẹ̀rí yẹn: tí ó bá jẹ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni lóòótọ́, kí ó ṣe báyìí. Gbogbo wa ni a mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń jà ní pápá ilé ìwé, ọ̀kan a máa na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí èkejì pé, "Bí o bá jẹ́ ọmọ bàbá rẹ, gbá mi létí!" Ọmọ tí wọ́n sọ ọ́ fún a gbàgbé pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bàbá rẹ̀ rí títí di wákàtí yẹn. Yóò gbá a létí. Olùkọ́ yóò dé. Ọ̀ràn yóò bẹ̀rẹ̀. Gbígbá etí náà kò sì fi nǹkankan kún jíjẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni Èṣù ń lò fún àgbàlagbà. Kì í sábà wá sọ fún wa pé kí a di ènìyàn burúkú. Ó ń sọ pé kí a fi hàn. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin. Bí o bá nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ rẹ. Bí ẹ̀yin ará ilé yín bá jẹ́ ẹni tí a ń kà sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò dára létí, Olúwa wa kò sì dáhùn ọ̀kankan. Ẹ wo èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fún Èṣù: kò sí ibi tí ó ti ń jiyàn pé Ọmọ ni òun. Baba ti sọ ọ́, ó tó. Nígbà tí ó wà lórí Àgbélébùú, àwọn tí ń kọjá lọ tún gbé gbólóhùn náà jù ú, bí ẹni pé àwọn ni Èṣù rán wá (Mátíù 27:40): tí ó bá jẹ́ Ọmọ Ọlọ́run, kí ó sọ̀kalẹ̀. Kò dá wọn lóhùn, kò sì sọ̀kalẹ̀.

Ní ti búrẹ́dì, àwọn àgbà wa sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, Olúwa wa kò sì fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni yìí kan náà ni ó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin nínú aṣálẹ̀ láìka obìnrin àti ọmọdé. Èsì rẹ̀ ti inú Ìwé Deuteronómì wá, orí 8, níbi tí Mósè ti ń rán Ísírẹ́lì létí pé Ọlọ́run jẹ́ kí ebi pa wọ́n ní aginjù fún ogójì ọdún, Ó sì fi mánà bọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu Rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀mí wọn ró. Ogójì ọdún wọn, ogójì ọjọ́ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣubú ni ó lọ dúró sí. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ọ̀tá máa pàṣẹ bí òun yóò ṣe jẹun.

Mo ní láti sọ ohun kan níhìn-ín tí inú àwọn kan nínú yín kò ní dùn sí. Ní àkókò ìdìbò gómìnà ní Èkìtì, aládùúgbò wa, ní oṣù Keje ọdún 2018, gbólóhùn kan gbilẹ̀ ní ẹnu àwọn ènìyàn: dìbò kí o sebẹ̀. Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀yin náà mọ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ka ẹni tí ó fún ni ní owó àti ẹni tí ó gbà á sí arúfin pọ̀. Ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn ìdìbò kan, ó ní, "Fadá, mo gbà á. Ìrẹsì ni mo fi rà. Àwọn ọmọ kò tíì jẹun láti àná." Èmi kò bú u, èmi kò sì sọ fún un pé kò ṣe nǹkankan. Mo sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo sì sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó rà á wúwo ju tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà ní ipò tí ó fi lè lé ebi lọ, tí ó jẹ́ kí ebi náà jókòó sí ilé olúkúlùkù títí di òwúrọ̀ ìdìbò, tí ó wá ń gbé oúnjẹ kiri pé kí a fi ẹ̀rí ọkàn wa pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ta ni ó ń ṣe? Ẹ tún ka ẹsẹ 3 wò. Àwọn kan nínú wọn a máa jókòó sí ìjókòó iwájú nínú ilé ìjọsìn, tiwa àti ti ẹlòmíràn.

Ìdánwò kejì ni èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù, nítorí Bíbélì ni Èṣù gbé lọ́wọ́. Ó mú Jésù dé ṣóńṣó orí Tẹ́ḿpìlì, ó sì ka Sáàmù 91 fún un. Sáàmù 91, ẹ̀yin ará! Èyí tí a máa ń kà kí a tó wọ ọkọ̀, tí àwọn kan ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Nínú Mísà àtijọ́, láti orin ìwọlé dé orin Kòmúníọ̀n ti ọjọ́ òní, inú Sáàmù yìí ni gbogbo wọn ti wá, nítorí Ìjọ kò gbà kí ọ̀tá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe kà á. Ẹsẹ 11 sọ pé àwọn ańgẹ́lì yóò pa olódodo mọ́ ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Èṣù yọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kúrò, nítorí fífò láti orí ilé kì í ṣe ọ̀nà. Ó ka ẹsẹ 12, ó sì dákẹ́. Ẹsẹ 13 ni ó kàn, níbi tí olódodo yóò ti tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ta ni í ka ìdájọ́ ara rẹ̀ sókè?

Olúwa wa dá a lóhùn láti inú Deuteronómì 6:16 pé a kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò, gẹ́gẹ́ bí Ísírẹ́lì ti ṣe ní Másà, nígbà tí òùngbẹ gbẹ wọ́n tí wọ́n sì ń béèrè bóyá Olúwa tilẹ̀ wà láàrín àwọn (Ẹ́ksódù 17). Ẹni tí ó bá sọ fún Ọlọ́run pé, "Fi hàn mí báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò gbà Ọ́ gbọ́ mọ́," kò gbàdúrà; ó pe Ọlọ́run lẹ́jọ́.

Mo ti ṣe ìsìnkú ẹnìkan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ti kọ oògùn fún un, ó sì ń lò ó dáadáa. Níbi àìsùn kan tí kì í ṣe tiwa, wọ́n sọ fún un pé bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé, kí ó da oògùn náà nù. Ó dà á nù. Kò lo oṣù mẹ́ta sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí lẹ́bàá pósí bóyá ìgbàgbọ́ bàbá wọn kò tó ni. Mo sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó, pé ẹni tí ó mú un gun orí ilé tí ó sì kà Bíbélì fún un pé kí ó fò ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Ìwé Síràkì, orí 38, tí ó wà nínú Bíbélì wa tí àwọn ará wa kan kò ní, sọ pé kí a bu ọlá fún oníṣègùn nítorí Ọlọ́run ni ó dá a, àti pé láti inú ilẹ̀ ni Ọlọ́run ti mú oògùn jáde, ọlọ́gbọ́n kì í sì í kọ̀ ọ́. Ìwé kan náà sọ pé kí aláìsàn gbàdúrà. Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì gbàdúrà. Ẹ wá gba òróró mímọ́ ti àwọn aláìsàn pẹ̀lú, kí ẹ má sì dúró di ìgbà tí ẹnu bá ti wọlé.

Ẹ̀kẹta kò le láti mọ̀, bí ó tilẹ̀ le láti kọ̀. Èṣù fi gbogbo ìjọba ayé hàn án láti orí òkè gíga, ó ní kí ó wólẹ̀ fún òun. Ní àkókò yìí, kò tún sọ̀rọ̀ Ọmọ Ọlọ́run mọ́. Ògo láìsí Àgbélébùú ni ọjà tí ó ń tà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì mọ àwọn tí ń bá a pín in lónìí, àwọn tí wọ́n ń fi òògùn owó àti jìbìtì tan ọmọ ogún ọdún. Jésù lé e lọ. Ní orí 16, nígbà tí Pétérù fẹ́ dí ọ̀nà Àgbélébùú mọ́ ọn, irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi bá Pétérù wí, ó pè é ní Sátánì. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ náà lè bá Èṣù jẹ́ iṣẹ́ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún ka orí tí ó kẹ́yìn ìwé Mátíù: lórí òkè kan ní Gálílì, Jésù sọ pé a ti fi gbogbo àṣẹ lọ́run àti láyé fún òun. Ìjọba tí ó kọ̀ lórí òkè ti Èṣù, ó gbà á lórí òkè ti Baba, ojú ìṣó sì wà ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gbà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé Ọmọ Ọlọ́run ni, ó rọrùn fún un. Ágústínì Mímọ́ ti dáhùn èyí nígbà tí ó ń ṣàlàyé Sáàmù 60 (61 nínú Bíbélì àwọn kan). Ó ní nínú Kristi ni a ti dán àwa gan-an wò, nítorí láti ọ̀dọ̀ wa ni ó ti gba ara. Nínú rẹ̀ náà ni a ti borí, nítorí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti gba ìṣẹ́gun. Ó ṣeé ṣe fún un láti lé Èṣù jìnnà láìjẹ́ kí ó súnmọ́ òun rárá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dán an wò, ta ni yóò kọ́ wa bí a ti ń jà?

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Láti ìta ni ìdánwò Olúwa wa ti wá, kò sí ohun tí ó dá a lóhùn nínú rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù sọ pé ìfẹ́ ọkàn ẹni ni í fani lọ. Ìfẹ́ náà yóò lóyún, yóò bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yóò dàgbà, yóò bí ikú. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ ní tiwọn pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Mo mọ ibi tí ògiri tèmi ti lanu, ó sì yẹ kí n sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sí ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún báyìí. Èmi náà ń múra fún ìdánwò yẹn, ìṣirò sì ń dẹ́rù bà mí. Láti ọdún 1977, tí ìbéèrè ìdánwò tú jáde káàkiri Nàìjíríà, ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pe ìwé tí a jí mú jáde ní ẹ́kípò. Ẹnìkan ń gba owó fún ẹ́kípò ní ilé ìwé wa. Mo sọ fún bàbá mi pé owó ìwé ni. Bàbá mi, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, ta ewúrẹ́ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti san owó náà ni n kò ti ṣí ìwé ìṣirò mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ kà á fún? Ní òru ọ̀la ìdánwò, wọ́n kó ìbéèrè fún wa, a sì há ìdáhùn sórí títí di àfẹ̀mọ́jú. Ìbéèrè tí a bá nínú gbọ̀ngàn kò jọ ọ́ rárá. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé méjì wà nínú wọn tí mo mọ̀ dáadáa ní oṣù méjì ṣáájú, mo sì jókòó, mo ń wò wọ́n, wọn kò wá sí ọkàn mi mọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́. Fadá àgbà kan ni mo bá. Ó gbọ́ mi tán, ó dárí jì mí, lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ sọ fún bàbá mi ibi tí ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé sí. Ẹ̀yin ará, ì bá ṣe pé ó ní kí n fi orúnkún rìn yí ìlú ká, ì bá yá mi lára ju èyí lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sá fún bàbá mi nínú ilé kan náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, owó tí mo gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ìwé ni mo fi rà." Mo sọ ìyókù. Ó dákẹ́ títí, ó ń fi ọ̀bẹ ha èèpo kúrò lára ẹ̀rú ọkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ewúrẹ́ ti lọ. Ìwọ ni n kò fẹ́ kí o lọ. Dìde." Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo tún ìdánwò náà ṣe.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ nínú Ìwé Kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, 10:13. Ó ní kò sí ìdánwò tí ó dé bá wa tí kò tíì dé bá ènìyàn rí, Ọlọ́run kì yóò sì jẹ́ kí a dán wa wò ju agbára wa lọ, Ó máa ń pèsè ọ̀nà àbáyọ mọ́ ọn. A máa ń retí pé ọ̀nà náà yóò gbòòrò. Ọ̀nà tèmi ní alẹ́ tí mo lọ tọrọ owó ni kí n sọ gbólóhùn kan fún bàbá mi, pé ìṣirò ń bà mí lẹ́rù. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Ó wá di dandan kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ó burú jù ú lọ níkẹyìn. Mo gbọ́ pé owó tí wọ́n ń gbà ní àwọn ibi tí àwọn ọmọ ń pè ní míràkù sẹ́ńtà kì í ṣe owó ewúrẹ́ kan mọ́, àti pé lónìí àwọn òbí fúnra wọn ni ń gbé e lọ. Ìjọba ti ṣe òfin lé e lórí láti ọdún 1999. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, kí ni ẹ ó sọ fún ọmọ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i, bí ó bá ń fi ìwé ẹ̀rí yẹn wọ ara aláìsàn ní abẹ́rẹ́, tàbí tí ó ń fi í kọ́ afárá?

Lúùkù parí ìtàn aginjù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Mátíù kò kọ: Èṣù fi Jésù sílẹ̀ títí di ìgbà tí àyè bá tún yọ fún un. Mátíù ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ańgẹ́lì wá, wọ́n sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún un. Àwọn ańgẹ́lì tí Èṣù ní kí ó fò kí ó lè rí nìyẹn. Ó rí wọn lórí ilẹ̀, lórí ìdúró.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Ọ̀nà Àgbélébùú, èmi yóò wà níbi ìjẹ́wọ́ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi lọ. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín yóò ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ti wá béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì mọ ohun tí ẹ ó fi dá a lóhùn, ẹ wá bá mi kí ẹ tó san án. Bí ẹ bá sì ti san án, ẹ wá bá mi náà.

Èmi ni Fadá yín nínú Kristi.